Òdòdó Kan Tí Ehoro Fi Sọ Ọmọ Mẹ́ta Lórúkọ

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Ẹ ò tíì jẹun ni? Ẹ dáhùn kó dún. Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Ó yá, ẹ sún mọ́bí. Ìwọ tí ò ń fẹ́ iná yẹn, fi í sílẹ̀, kò ní kú. Àlọ́ mi gbéra nílẹ̀, ó gba inú koríko lọ, kò yà sílé ẹnikẹ́ni àfi ilé Ehoro. Ẹ má bi mí pé Ìjàpá ńkọ́. Ìjàpá ti jìyà tó lẹ́nu gbogbo yín. Ẹ jẹ́ kó sinmi lónìí. Ọ̀daràn mìíràn wà.

Lọ́dún kan, nínú ọ̀dàn tó wà lódìkejì odò, Ẹtu bí ọmọ obìnrin.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí Ẹtu ṣe jẹ́ fún yín. Ọkọ rẹ̀ ti bá ìbọn ọdẹ lọ. Ó ti bímọ kan rí kó tó bí èyí. Ìbídùn ni wọ́n ń pe ọmọ yẹn. Lọ́dún náà, Ìbídùn ló wà lóde. Ẹni tó bá ti bí obìnrin, Ìbídùn. Ẹ mọ bí ẹ ṣe máa ń ṣe. Bí ẹnìkan bá ra aṣọ kan, ẹ̀yin yòókù á bẹ̀rẹ̀ sí wá irú rẹ̀ kiri ọjà. Ìbídùn mẹ́fà ló wà nínú ọ̀dàn kan ṣoṣo.

Ó wá di ọjọ́ kan nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, iná ìgbẹ́ jó dé. Èéfín bo gbogbo ibẹ̀, kò sẹ́ni tó rí imú ara rẹ̀. Ẹtu ké, ó ní, "Ìbídùn!" Ohùn mẹ́fà dá a lóhùn. Ó sáré sí èyí tó wà lápá ọ̀tún. Ọmọ ọlọ́mọ ni. Ó sáré sí èyí tó wà níwájú. Ọmọ ọlọ́mọ ni. Kó tó yí padà, èyí tó wà lápá òsì ti dákẹ́.

N ò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó bá ti sin ọmọ rí mọ ìyókù.

Nígbà tí Ẹtu wá bí èkejì yìí, ó fi ọyàn sí i lẹ́nu, ó ní, "Ìwọ, orúkọ rẹ ò gbọdọ̀ jọ ti ẹnikẹ́ni. Bí mo bá pè ọ́, ìwọ nìkan ni kó dá mi lóhùn." Ohun tó ń wá ò ju ìyẹn lọ. Kì í ṣe fáàrí.

Ṣùgbọ́n orúkọ wo? Ó rò ó títí, orí ń fọ́ ọ. Èyí tó bá dùn lẹ́nu rẹ̀, ó ti gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíì. Èyí tí kò bá gbọ́ rí, kì í ṣe ohun tí èèyàn ń sọ ọmọ. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ ọmọ ní Òkúta. Ọjọ́ kẹrin pé, kò rí nǹkan kan. Ọjọ́ kẹjọ sì ń bọ̀. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ọmọ tí oòrùn ọjọ́ kẹjọ bá wọ̀ lé lórí láìní orúkọ, àlejò ni. Àlejò lè dìde nígbàkúgbà kó ní òun ń lọ.

Báyìí ni Ehoro ṣe yọjú.

Ohun kan ni kí ẹ kọ́kọ́ mọ̀. Láyé ìgbà náà, láàárín àwọn ẹranko, ẹni tó bá mú orúkọ wá fún ọmọ ló ń gbé àwo ìsọmọlórúkọ lọ sílé rẹ̀. Oyin, ìrèkè, àádùn, bí wọ́n bá ti fi kan ọmọ lẹ́nu tán, ìyókù di tirẹ̀. Ehoro ò fẹ́ràn kó máa wá oúnjẹ kiri. Ẹnu rẹ̀ ló fi ń ṣiṣẹ́. Ìyàwó rẹ̀ náà sì ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, obìnrin ni, ilé ò ní nǹkan.

Lẹ́yìn ahéré ọdẹ kan tó ti wó, igi òdòdó kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní tannápoṣó. Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n, ó wà lẹ́yìn balùwẹ̀ yín. Lọ́sàn-án, á di ojú pa. Bí oòrùn bá ti ń rẹlẹ̀, á là. Ohun tó sì yani lẹ́nu lára rẹ̀ ni pé igi kan ṣoṣo á yọ òdòdó pupa, á yọ funfun, á tún yọ èyí tó ní àmì tótòtó lára. Igi kan o! Àwọn ẹranko ọ̀dàn kì í dé ibẹ̀ nítorí òórùn ọdẹ. Ehoro nìkan ló ń dé ibẹ̀.

Ehoro já èyí tó pupa, ó di ọ̀dọ̀ Ẹtu.

"Ẹ kú ewu ọmọ o, ìyá ìkókó. Ewu iná kì í pa àwòdì."

"Má dárúkọ iná sí mi létí," ni Ẹtu wí.

"Ẹ má bínú. Mo gbọ́ pé orúkọ ń dà yín láàmú."

"Ta ló sọ fún ọ?"

"Etí mi gùn, ṣé ẹ ò rí i ni?" Ehoro fi òdòdó sílẹ̀ níwájú rẹ̀. "Ẹ wo èyí. Ṣé ẹ ti rí irú rẹ̀ rí?"

"Rárá."

"Orúkọ rẹ̀ ni mo mú wá fún ọmọ yín. Láti ìgbà tí koríko ti ń hù, ẹnìkan ò jẹ́ ẹ rí."

"Ó dá ọ lójú?"

"Ṣé mo lè wo ojú ìyá ọmọ kí n purọ́?"

"O ti wo ojú ọ̀pọ̀ ìyá ọmọ."

Ehoro rẹ́rìn-ín. Ó tẹnu bọ etí Ẹtu, ó sọ orúkọ náà kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Tannápoṣó. Ẹtu pa ojú dé. Ó dùn mọ́ ọn. Ó wò ó pé òun ń pè é nínú èéfín, ohùn kan ṣoṣo sì ń dá òun lóhùn.

"Ṣùgbọ́n o," ni Ehoro wí, "ìrọ̀lẹ́ nìkan ni kí ẹ máa pè é. Òdòdó yìí kì í rí ojú ọ̀sán. Lọ́sàn-án, Ìkókó ni kí ẹ máa pè é. Ẹ sì mọ̀ pé orúkọ kì í jáde lẹ́nu kó tó di ọjọ́ kẹjọ."

Ìyẹn náà òfin ni. Ẹ ṣì ń pa á mọ́ dòní. Bí ẹ bá bí ọmọ, tí mo ní kí lorúkọ rẹ̀, ẹ óò ní kí n dúró di ọjọ́ kẹjọ. Gbogbo èèyàn á pa ẹnu mọ́, á máa wo ara wọn. Olè tó bá mọ òfin yìí ò nílò òkùnkùn. Ọ̀sán gangan ló máa fi jà yín lólè.

Ehoro padà sídìí igi, ó já funfun. Ó gun orí òkè lọ bá Ìgalà. Ìgalà náà ti bí obìnrin. Tirẹ̀ sì jẹ́ fáàrí pátápátá. Ó ní òun ò fẹ́ orúkọ tí àwọn ará ìsàlẹ̀ ń jẹ́.

"Òdòdó funfun rèé," ni Ehoro wí. "Ẹnìkan ò jẹ́ ẹ rí."

"Àwọn ará etí odò ńkọ́?"

"Àwọn yẹn? Kí ni wọ́n mọ̀?"

Inú Ìgalà dùn gan-an. Ó gbé etí sílẹ̀, Ehoro sọ ọ́ sí i. Tannápoṣó. Ìrọ̀lẹ́ nìkan ni kí ẹ máa pè é o.

Lọ́jọ́ keje, Ẹtu àti Ìgalà pàdé létí odò, àwọn méjèèjì wá mu omi. Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú ewu ọmọ o," ni Ẹtu wí.

"Ìwọ náà kú ewu. O ti rí orúkọ?"

"Mo ti rí i. Ẹnìkan ò jẹ́ ẹ rí."

"Tèmi náà, ẹnìkan ò jẹ́ ẹ rí."

"Òdòdó ni tèmi."

Ìgalà gbórí sókè kúrò nínú omi. "Òdòdó ni tèmi náà."

Omi ń kán lẹ́nu wọn. Ọ̀rọ̀ wà lọ́nà ọ̀fun àwọn méjèèjì, òfin ò jẹ́ kó jáde. Ẹtu ronú títí, ó wá ní:

"Àwọ̀ wo ni tiyín, ẹ̀gbọ́n?"

"Funfun báláú."

"Háà! Ọlọ́run ṣeun. Pupa ni tèmi."

"O rí i? Kì í ṣe ọ̀kan náà."

"Kì í ṣe ọ̀kan náà rárá."

Wọ́n mu omi wọn yó, oníkálukú gba ilé lọ, ọkàn wọn balẹ̀. Ó ń pa yín lẹ́rìn-ín? Ẹ̀yin tí ẹ ń ra elùbọ́ nítorí pé àpò rẹ̀ dára.

Ọjọ́ kẹjọ pé, oníkálukú sọ ọmọ tirẹ̀ lórúkọ ní kọ̀rọ̀ ilé rẹ̀, Ehoro gbé àwo méjì délé. Ó jẹ àádùn, ó fi oyin tì í. Ibi tó ti ń lá ìka ni Ẹkùn ti tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ lẹ́yìn ilé.

Ehoro ní, "Yèyé, ẹ dákun, ẹ̀mí mi."

Ẹkùn ní, "Dákẹ́ ariwo. Mo bímọ. Mo gbọ́ pé ò ń mú orúkọ tí ẹnìkan ò jẹ́ rí fún àwọn ẹran jíjẹ. Èmi ńkọ́?"

"Ẹ̀yin? Orúkọ tiyín ti wà nílẹ̀ tipẹ́!"

"Ó gbọ́dọ̀ jẹ́ ti ọmọ mi nìkan. Bí mo bá gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíì, mo mọ ibi tí ò ń gbé."

Ẹ dúró níbí. Ehoro ní orúkọ mìíràn. Ó ní in dáadáa. Láàárín odò, níbi tí omi ti jìn, òṣíbàtà wà níbẹ̀ tó tẹ́ ewé lé omi, tó yọ òdòdó funfun sí àárín. Lọ́jọ́ tí ìyàwó Ehoro bí, Ehoro ti wò ó, ó ní, "Èyí, ti ọmọ tèmi ni." Kò sí ẹranko kankan nínú ọ̀dàn náà tó ń jẹ́ Òṣíbàtà. Tó bá fún Ẹkùn lórúkọ yìí, ọ̀rọ̀ parí. Ehoro wo ẹnu Ẹkùn. Ó wo eyín. Ó tún rántí òṣíbàtà lórí omi, bó ṣe mọ́ tó. Ojú kòkòrò ò jẹ́ kó fi sílẹ̀.

Ó ní, "Ẹ dúró dè mí, Yèyé." Ó sáré lọ sídìí igi rẹ̀, ó já èyí tó ní àmì tótòtó lára. "Ẹ wò ó! Ẹ wo ara yín! Ta ni òdòdó yìí jọ bí kò ṣe ẹ̀yin?"

Ẹkùn wo òdòdó, ó wo ìhà ara rẹ̀. "Ó jọ mí lóòótọ́."

Tannápoṣó. Ìrọ̀lẹ́ nìkan ni kí ẹ máa pè é o, Yèyé.

Nígbà tó délé, ìyàwó rẹ̀ bi í pé, "Baálé mi, ọmọ gbogbo ayé lo ti sọ lórúkọ. Èwo ló kù fún tiwa?"

"Èyí tó dára jù. Ìyókù, òdòdó ẹ̀yìn ahéré ni."

Bí ọjọ́ kẹjọ ọmọ tirẹ̀ ti pé, Ehoro fi omi odò kàn án lẹ́nu, ó pè é ní Òṣíbàtà. Àwo mẹ́ta ló jẹ lóṣù yẹn, ikùn rẹ̀ yọ síwájú bí ẹni tó gbé igbá mì.

Oṣù kan lọ. Oṣù mìíràn lọ. Ọmọ ẹranko tó bá ṣì kéré, inú koríko ni ìyá rẹ̀ ń fi í pamọ́ sí, kì í pè é sókè. Nítorí náà ọ̀rọ̀ náà ò hàn. Òjò rọ̀, koríko hù, ọmọ wá lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ó ń sáré, ó ń ṣeré jìnnà.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, Ẹtu ò rí ọmọ rẹ̀. Oòrùn ti pupa. Ó dúró lórí òkìtì kan, ó gbé ohùn sókè, ó pè é fún ìgbà àkọ́kọ́. Ẹ bá mi gbè é:

Tannápoṣó o, ibo lo wà?
*Òdòdó ìrọ̀lẹ́, máa bọ̀.*
Oòrùn ti rẹlẹ̀, ilẹ̀ ń ṣú lọ,
*Òdòdó ìrọ̀lẹ́, máa bọ̀.*
Ọyàn ti kún, ó ń ro ìyá ẹ,
*Òdòdó ìrọ̀lẹ́, máa bọ̀.*
Má bá ẹlòmíì lọ sílé o,
*Òdòdó ìrọ̀lẹ́, máa bọ̀.*

"Mo ń bọ̀!" Ohùn kan dáhùn láti orí òkè. Ẹsẹ̀ ń dún, kòkò, kòkò, kòkò. Ọmọ kan já síwájú rẹ̀. Ọmọ Ìgalà ni.

Ẹtu wò ó láti orí dé ẹsẹ̀. "Ìwọ, ta ló pè ọ́?"

"Ẹ̀yin."

"Èmi? Kí lorúkọ rẹ?"

"Tannápoṣó."

"Tannápoṣó wo?"

"Tannápoṣó tí ẹ pè."

Ojú Ẹtu dà rú. Ìgalà náà sì dé, ó ń mí hẹlẹ-hẹlẹ. "Ta ló ń pe ọmọ mi bí ẹní pe ajá?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ mi ni mo pè."

"Ọmọ rẹ dà? Ọmọ mi ló dúró síwájú rẹ yìí!"

"Mo mọ̀ pé ọmọ yín ni. Kí ló dé tó ń jẹ́ orúkọ ọmọ mi?"

"Ọmọ rẹ ló ń jẹ́ orúkọ ọmọ mi! Funfun ni tèmi!"

"Pupa ni tèmi!"

"Ó dáa, gbọ́ bí wọ́n ṣe ń pe Tannápoṣó gidi." Ìgalà na ọrùn, òun náà kọrin. Ẹ gbè é fún un, kó má bínú:

Tannápoṣó o, ibo lo wà?
*Òdòdó ìrọ̀lẹ́, máa bọ̀.*
Ará orí òkè, ọmọ afínjú,
*Òdòdó ìrọ̀lẹ́, máa bọ̀.*

Ọmọ Ìgalà tó dúró síbẹ̀ ní, "Mo ti dé, ìyá mi." Ọmọ Ẹtu já jáde nínú koríko, ó lọ bá Ìgalà, ó ní, "Ẹ̀ẹ́n, ẹ pè mí?" Kí Ìgalà tó lanu, ọmọ kẹta ti já dé láti apá àpáta. Ó fò lé ọmọ Ẹtu, àwọn méjèèjì yí gbirigbiri nílẹ̀, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Ọmọ kẹta yìí ní àmì tótòtó lára. Èékánná wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀.

Ẹtu wò ó. Ìgalà wò ó.

Koríko pín sí méjì. Ẹkùn fúnra rẹ̀ jáde.

"Ta ló pe ọmọ mi?"

Ẹsẹ̀ Ìgalà ti yí padà láti sá. Ẹtu náà ìbá sá, ṣùgbọ́n ọmọ rẹ̀ wà lábẹ́ ọmọ Ẹkùn, ó ń fi orí gbún un níkùn, wọ́n ń ṣeré. Ibo ló fẹ́ sá sí? Ó ti sá lẹ́ẹ̀kan rí, ó sá lọ síbi tí kì í ṣe ibi ọmọ rẹ̀. Ó dúró.

Ó ní, "Àwa la pè é, Yèyé. Ọmọ mi ni mò ń wá."

"Kí lorúkọ ọmọ rẹ?"

Ẹ̀yin, kí ni ẹ̀ bá sọ? Bó bá sọ òótọ́, ó lè jẹ́ ikú. Bó bá purọ́, ikú ni. Ẹtu ní, "Tannápoṣó."

"Ọmọ ta wá ni ìkejì yìí?"

"Ọmọ Ìgalà."

"Kí lorúkọ rẹ̀?"

"Tannápoṣó, Yèyé."

Ẹkùn jókòó. Ẹ ti rí ẹkùn tó jókòó nítorí pé kò mọ ohun tó máa ṣe rí? Ó wo ọmọ Ẹtu, itọ́ yọ lẹ́nu rẹ̀. Ó wo ọmọ tirẹ̀, ó gbé itọ́ mì. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

Ó ní, "Ebi ń pa mí. Láti àná ni n ò ti jẹun. Ṣùgbọ́n bí mo bá jẹ èyí, ọmọ mi á bi mí lálẹ́ pé, 'Ìyá, ta ni ẹ jẹ?' Kí ni kí n sọ? Kí n ní mo jẹ Tannápoṣó? Kí n fi ẹnu ara mi sọ ọ́, kí ilẹ̀ gbọ́?" Ó gbọn orí. "Ẹni tó bá sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn, ó ti sọ ọ́ sí ọmọ rẹ̀ lára. N ò lè jẹ ẹ́. Háà, orí mi ń fọ́. Ta ló fún yín lórúkọ yìí?"

Ìyá méjèèjì dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà. "Ehoro."

"Kí ló sọ?"

"Pé ẹnìkan ò jẹ́ ẹ rí."

"Ohun tó sọ fún èmi náà nìyẹn," ni Ẹkùn wí.

Ẹtu ló dá ọgbọ́n tó kù. Obìnrin tí ìyà ti là lójú kì í pẹ́ ronú. Ó ní kí wọ́n má lé Ehoro, kò sẹ́ni tó lè lé e bá. Kí wọ́n pè é sídìí àwo. Wọ́n ránṣẹ́ sí i pé àlejò kan bímọ sí etí odò, ọ̀la ni ọjọ́ kẹjọ, kò rí orúkọ. Wọ́n gún àádùn. Wọ́n bu oyin. Wọ́n gé ìrèkè lé e.

Ehoro gbọ́, etí rẹ̀ méjèèjì dìde. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, ó mú ọmọ rẹ̀ dání kó lè bá òun gbé àwo, nítorí pé àwo mẹ́ta ìṣáájú ti wọ̀ ọ́ lọ́rùn. Ó dé ibẹ̀, ó rí Ẹtu àti Ìgalà tí wọ́n jókòó ti àwo.

"Ẹ kú ìnáwó o! Ọmọ dà?"

"Ìyá rẹ̀ wà lẹ́yìn koríko," ni Ìgalà wí. "Ojú ń tì í. Jókòó, kí ọmọ rẹ máa jẹ ìrèkè. Orúkọ wo lo mú wá?"

Ojú Ehoro wà lára oyin. "Òdòdó ni."

"Èwo nínú òdòdó?"

"Èyí tí ẹnìkan ò jẹ́ rí." Oyin ti kán sí i létè, kò rántí ẹni tó wà níwájú rẹ̀ mọ́. "Tannápoṣó."

"Ẹ̀ẹ́n!" Ọmọ mẹ́ta dáhùn láti inú koríko. Wọ́n sáré jáde. Ẹkùn tẹ̀ lé wọn, ó dí ọ̀nà.

Àádùn dì mọ́ Ehoro lẹ́nu.

"O ní ọmọ mi nìkan ni," ni Ẹkùn wí.

"Ọmọ yín nìkan ni, Yèyé! Pupa ni tiwọn níbí, funfun ni tiwọn níbẹ̀, èyí tó ní àmì ni tiyín. Òdòdó mẹ́ta ni!"

"Lára igi mélòó?"

Ehoro wo ọ̀nà tí Ẹkùn dí.

"Mo ní igi mélòó?"

"Ọ̀kan."

Ẹkùn dìde. Ọgbọ́n Ehoro ò tíì tán o. Ó rí i pé Ẹkùn ò fọwọ́ kan ọmọ méjì yòókù, ó mọ̀ pé kò lè jẹ ẹni tó ń jẹ́ orúkọ ọmọ rẹ̀. Ó yára fa ọmọ rẹ̀ mọ́ra, ó ní, "Yèyé, ẹ dúró! Ṣé mo lè fún yín ní ohun tí n kò ní fún ara mi? Ọmọ tèmi náà, Tannápoṣó ni! Ọmọ ìyá kan náà ni gbogbo wa. Ẹ ò lè pa bàbá Tannápoṣó."

Ọ̀rọ̀ tún dà rú. Ẹkùn wo Ẹtu. Ẹtu wo Ìgalà. Ìgalà ní, "Mẹ́rin ni wọ́n ni?"

Ẹtu ní, "Ó dáa. Ìrọ̀lẹ́ ti dé. Pè é ká gbọ́."

Ehoro tú ọmọ rẹ̀ sílẹ̀, ó kọrin:

Tannápoṣó o, ibo lo wà?
*Òdòdó ìrọ̀lẹ́, máa bọ̀.*
Ọmọ Ehoro, dá mi lóhùn o,
*Òdòdó ìrọ̀lẹ́, máa bọ̀.*
Dákun, má ṣe bàbá ẹ báyìí,
*Òdòdó ìrọ̀lẹ́, máa bọ̀.*

Àwọn ọmọ mẹ́ta sáré wá bá Ehoro, wọ́n ní, "Ẹ̀ẹ́n, ẹ̀ẹ́n, ẹ̀ẹ́n." Ọmọ tirẹ̀ dúró síbi tó wà, ìrèkè wà lẹ́nu rẹ̀. Ó wo ẹ̀yìn rẹ̀ bóyá ẹlòmíì ń bọ̀. Kò rí ẹnìkan.

Ó ní, "Bàbá mi, ta lẹ ń pè? Ṣé orúkọ mi kì í ṣe Òṣíbàtà mọ́ ni?"

Ẹkùn fi ahọ́n ra ètè.

Ó ní, "Òṣíbàtà. Orúkọ tó dára ni. N ò mọ ẹnikẹ́ni tó ń jẹ́ ẹ."

Ehoro ò dúró gbọ́ ìyókù. Ó fi eyín gbá ọmọ rẹ̀ lẹ́yìn ọrùn mú, ó gba abẹ́ ikùn Ìgalà kọjá, ó wọ inú koríko. Ẹkùn tẹ̀ lé e. Àádùn dà sílẹ̀. Títí di òní, eré yẹn ò tíì parí.

Ẹtu àti Ìgalà jókòó, wọ́n ń wo àwọn ọmọ. Ẹtu bẹ̀rẹ̀ sí sunkún. Ó ní, "Ohun tí mo sá fún ló tún bá mi yìí. Bí iná bá dé, mo pè, ọ̀pọ̀ á dáhùn."

Ìgalà, tó jẹ́ pé fáàrí ló ń ṣe tẹ́lẹ̀, ló sọ ọ̀rọ̀ gidi lọ́jọ́ yẹn. "Má sáré tẹ̀ lé ohùn mọ́. Dúró sójú kan, kí o máa pè, kí àwọn sáré wá. Èyí tó bá sún mọ́ ọ, gbà á. Èyí tó bá sún mọ́ mi, n ó gbà á. Bí ojú bá mọ́, a ó pààrọ̀."

Ohun tí wọ́n ń ṣe nìyẹn. Ẹtu á pè, ọmọ méjì á dé, nígbà mìíràn mẹ́ta. Á fún tirẹ̀ lọ́yàn, á lé ìyókù lọ sọ́dọ̀ ìyá wọn. Iná jó lẹ́ẹ̀kejì, wọn ò pàdánù ọmọ kankan. Ẹ máa ní ẹkùn ṣì ń pa ẹtu. Mo mọ̀. Ẹ lọ bi ẹkùn, ẹ má bi mí.

Ṣùgbọ́n Ehoro ni mo ń sọ. Orúkọ tó fi pamọ́ fún ọmọ rẹ̀, òun nìkan ló ń jẹ́ ẹ lóòótọ́. Nínú ọmọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, òun nìkan náà ni Ẹkùn lè jẹ láìsí ohun tó máa há a lọ́nà ọ̀fun. Ìdí nìyẹn tí ehoro ò fi nílé. Ibi tó bá sùn lónìí, kò ní sùn síbẹ̀ lọ́la. Ìdí nìyẹn tí etí rẹ̀ kì í sùn. Nírọ̀lẹ́, bí òdòdó yẹn bá ti ń là, tí àwọn ìyá bá bẹ̀rẹ̀ sí pe ọmọ wọn kiri ọ̀dàn, ẹ lọ tẹ́tí sílẹ̀. Ẹ óò gbọ́ ti ewúrẹ́. Ẹ óò gbọ́ ti àparò. Ẹ ò ní gbọ́ ti ehoro. Ó ní orúkọ tó dára jù nínú ìgbẹ́, kò sì lè pè é sókè láéláé.

Ibi tí àlọ́ mi ti jókòó nìyẹn, kò dìde mọ́. Bí mo bá parọ́ fún yín, kí n gbé ata tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi yìí lọ sọ́jà lọ́la, kí n gbé e padà wálé bó ṣe wà. Bó bá jẹ́ òótọ́ ni mo sọ, kí ẹni àkọ́kọ́ tó bá gbóòórùn rẹ̀ sín lẹ́ẹ̀mẹta.

Há-tíì! Há-tíì! Há-tíì!

Ẹ ti gbọ́ ọ fúnra yín. Ẹ dìde, ẹ lọ sùn.